Kí ló dé tí wọ́n fẹ́ la inú màmá mi nígbà tí róbọ́ọ̀tì wà nílẹ̀?

Àbẹ̀ní_Woolwich
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kíkà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí. Àmọ́ ọjọ́ kẹrin rèé tí oorun kò kun ojú mi.

Màmá mi, ẹni ọdún 58, ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ní ilé ọmọ wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára wọn díẹ̀díẹ̀, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ooru ara ni. Ìgbà tí mo rí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni mo fipá mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ti ya gbogbo àwòrán tán. Lánàá, dókítà àgbà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà pè wá jókòó, ó ní òun máa la inú wọn láti abẹ́ ìdodo wálẹ̀, wọ́n á sì lo bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ní wọ́ọ̀dù.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ màmá mi kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ yìí kan náà, ní ìlú yìí kan náà. Róbọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Ihò márùn-ún péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ẹnu bírò lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n délé. Mo bi dókítà léèrè róbọ́ọ̀tì, ó ní kì í ṣe fún irú ti màmá mi. Mi ò lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ torí màmá ti ń sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni ìtumọ̀ ẹ̀? Ṣé torí pé a ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni, àbí torí àwọ̀ wa?

Bàbá_Ìbejì_Luton
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:58 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọlọ́run á wo màmá sàn.

Èmi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ rà, ta ni wọ́n rà á fún? Ẹ kọ lẹ́tà lọ́la. Ẹ ní ẹ fẹ́ dókítà mìíràn. Ọdún 22 ni mo ti lò ní orílẹ̀-èdè yìí, ẹni tí kò bá pariwo, ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n ń tò ó sí. Wọ́n fẹ́ la inú ìyá olóyìnbó náà bí?

Ìyá_Gbọ́lá
Ọjọ́rú, 6:15 àárọ̀

Àbẹ̀ní ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. O kú ìdúró ti màmá.

Mo wà lára àwọn tí wọ́n fi róbọ́ọ̀tì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó pé ọdún mẹ́ta báyìí. Jẹjẹrẹ awọ inú ilé ọmọ ni tèmi. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí àwọn èèyàn rò pé eré ọmọdé ni. Ihò márùn-ún ni mo bá ní ikùn mi nígbà tí mo jí. Ikùn kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Èjìká ni! Èjìká ọ̀tún ń ro mí bí ẹni ru àpò sìmẹ́ńtì lọ sí òkè. Mo ní, èjìká wo ló kàn nínú ọ̀rọ̀ ilé ọmọ? Nọ́ọ̀sì ní gáàsì tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn mi kó lè wú ni, díẹ̀ ló ṣẹ́kù sínú, kí n dìde kí n máa rìn. Mo rìn títí. Nígbà tó yá mo sọ ìsó, ẹ má rẹ́rìn-ín mi o, ara mi sì fúyẹ́.

Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀, èmi fúnra mi ni mò ń gún un sí ikùn lálaalẹ́ fún ọjọ́ 28. Gbọ́lá sá jáde ní yàrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi gidigidi pé kí n má gbé ẹrù, kí ọkọ mi sì máa sùn sí yàrá tirẹ̀ fún bí oṣù méjì, torí ojú rírán kan wà ní òkè ojú ara tó lè tú bí èèyàn bá kánjú. Nítorí náà, ihò kékeré lójú, àmọ́ nínú, iṣẹ́ ńlá ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá àìsàn màmá rẹ àti tèmi jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ kan ṣoṣo ni à ń pè é nílé, “jẹjẹrẹ ilé ọmọ”, ó sì ju ẹyọ kan lọ.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Ọjọ́rú, 7:50 àárọ̀

Ìyá Gbọ́lá ti fọwọ́ kan ojú ibẹ̀ gan-an.

Ẹ kú àárọ̀ o. Tíátà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹsàn-án rèé, mo sì máa ń wà nídìí róbọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Róbọ́ọ̀tì kì í ṣe iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ o. Dókítà ló ń ṣe é. Ó jókòó sí igun yàrá, ó tẹ ojú mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń yọjú wo inú kànga, ìka rẹ̀ wà nínú nǹkan bí òrùka, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì. Ọ̀gá wa kan kì í wọ bàtà nídìí ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ nìkan, ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun gbọ́dọ̀ mọ pẹ́dàlì tí òun ń tẹ̀. Apá ẹ̀rọ mẹ́rin tí a ti fi ọ̀rá wé ló wà lórí aláìsàn. Bí dókítà bá yí ọrùn ọwọ́, irin tín-ín-rín tó wà nínú ikùn á yí bákan náà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, ẹ̀rọ ò ní gbé gbígbọ̀n yẹn wọlé. Ó ń rí inú ikùn ní ńlá, ó sì ń rí bó ṣe jìn tó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà kì í fún un ni kí nǹkan ta sí i lọ́wọ́: bí ó bá ń so okùn, ojú ló fi ń wò ó bóyá ó ti fún jù.

Àwa tá a wà ní tòsí aláìsàn la ń rí ìyókù. Orí aláìsàn wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè, kí ìfun lè ṣí lọ sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n bá gé ilé ọmọ kúrò lára ohun tó so mọ́, ojú ara ni wọ́n ń gbà fà á jáde. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sí ọgbẹ́ ńlá.

Àbẹ̀ní, ẹ bá mi wo lẹ́tà tí wọ́n fún yín. Ibo gan-an ni wọ́n kọ? Ṣé awọ inú ilé ọmọ ni, àbí ẹnu rẹ̀?

Àbẹ̀ní_Woolwich
Ọjọ́rú, 1:20 ọ̀sán

Mo ti wá lẹ́tà náà rí. “Cervix” ni wọ́n kọ. Ìpele 1B2, sẹ̀ntímítà mẹ́ta. Wọ́n ní àwòrán MRI kò fi hàn pé ó ti jáde kúrò níbẹ̀.

Mo wá pe ọ̀rẹ́ màmá mi, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ka tiwọn sí mi létí. “Endometrial.” Ọdún kan gbáko ni mo ti ń rò pé àìsàn kan náà ni.

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Ọjọ́rú, 2:05 ọ̀sán

Ó yé mi wàyí. Ẹ fọkàn balẹ̀, dókítà yín kò fi nǹkan dù yín.

Ti ọ̀rẹ́ màmá àti ti Ìyá Gbọ́lá, awọ inú lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹ̀kọ inú ewé. Ẹ lè gbé e, ẹ lè yí i, ewé ló ń kan ọwọ́ yín. Ti màmá wà ní ẹnu ilé ọmọ, níbi tí a ti ká ewé náà pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé kọjá.

Mo wà ní tíátà nígbà tí à ń fi ihò kékeré ṣe ti ẹnu ilé ọmọ náà. Ohun ìyangàn ni nígbà yẹn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìwádìí kan jáde. Ọ̀gá wa wọlé lọ́jọ́ Ajé, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní kí a yọ orúkọ obìnrin méjì kúrò lórí ìlà róbọ́ọ̀tì, kí a kó irinṣẹ́ ìlà inú jáde fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún rí i kó fi róbọ́ọ̀tì ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Bàbá_Ìbejì_Luton
Ọjọ́rú, 6:31 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, àmọ́ kò tíì wọ̀ mí létí. Báwo ni ọgbẹ́ kékeré ṣe máa burú ju ọgbẹ́ ńlá lọ? Kámẹ́rà tó ń rí kínníkínní, dókítà kan náà, ilé ọmọ kan náà ni wọ́n ń yọ. Ṣé kì í ṣe owó ni wọ́n ń ṣọ́? Mo gbọ́ pé irin ẹ̀rọ yẹn, bí wọ́n bá lò ó níwọ̀n ìgbà kan, wọ́n á sọ ọ́ nù ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston
Ọjọ́bọ̀, 4:47 ìdájí

Ẹ̀gbọ́n, ti irin yẹn, òótọ́ ni. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti lò ó, tó bá pé, kò ní gbà á wọlé mọ́. Ẹ̀rọ odidi sì lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Àmọ́ owó kọ́ ló fà á nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ àìsàn obìnrin ni mò ń kọ́ lọ́wọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nídìí iṣẹ́ òru ni, ẹ forí jì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn.

LACC ni wọ́n ń pe ìwádìí tí Nọ́ọ̀sì sọ. Pedro Ramirez, dókítà tó wà ní MD Anderson, ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ níbí ní Houston, nígbà náà, ló ṣíwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé e kalẹ̀ láti bú ihò kékeré o. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi hàn ni pé kò burú ju ìlà inú lọ, kí gbogbo ayé lè máa ṣe é lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Obìnrin 740 ni wọ́n fẹ́ gbà, láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ fún wọn, dókítà kọ́ ló yàn. Nígbà tí wọ́n gba 631, àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró.

Kí ni wọ́n rí? Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n la inú wọn, 96.5 ló wà láàyè tí àìsàn náà kò sì padà. Lọ́dọ̀ àwọn oníhò kékeré, 86. Ní ọdún kẹta, 99 ló wà láàyè nínú ọgọ́rùn-ún lápá ìlà inú, 93.8 lápá kejì. Ní oṣù kan náà, àwọn mìíràn yẹ àkọsílẹ̀ obìnrin 2,461 wò níbí ní Amẹ́ríkà, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ já sí. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu. Ní oṣù kejì ọdún 2019, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn, jáde wá kìlọ̀ pé àwọn kò tíì fọwọ́ sí róbọ́ọ̀tì fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, pé kí dókítà máa ṣàlàyé rẹ̀ fún aláìsàn.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ṣì ń fa àríyànjiyàn. Irin kan wà tí wọ́n ń tì bọ inú ilé ọmọ láti ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè máa fi darí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹnu ilé ọmọ ló ń gbà kọjá. Bí jẹjẹrẹ bá wà lẹ́nu ibẹ̀, ẹ fojú inú wò ó. Lẹ́yìn náà, inú ikùn ni wọ́n ti ń gé òkè ojú ara, gáàsì sì ń fẹ́ yíká. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni ìdọ̀tí jẹjẹrẹ ti ń dà sínú ikùn. Bí wọ́n bá la inú, wọ́n lè fi nǹkan di ẹnu rẹ̀ pa kí wọ́n tó gé e kúrò.

Àwọn tó fẹ́ràn róbọ́ọ̀tì máa ń ní àwọn tó lò ó nínú LACC kò pọ̀, pé ihò kékeré àfọwọ́ṣe, tí kò ní róbọ́ọ̀tì, ló pọ̀ jù. Wọn ò parọ́, bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ará Sweden gbé ìwádìí mìíràn kalẹ̀, RACC, láti fi róbọ́ọ̀tì nìkan wé ìlà inú. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìyá tèmi ló ní sẹ̀ntímítà mẹ́ta, màá ní kí wọ́n la inú wọn.

Fún ti awọ inú ilé ọmọ, ẹjọ́ mìíràn ni. Wọ́n fi obìnrin 2,616 ṣe ìwádìí LAP2 níbí: ní ọdún márùn-ún, 89.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè, ìbáà jẹ́ ìlà inú tàbí ihò kékeré. Wàhálà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì kéré lọ́dọ̀ oníhò kékeré. Àwọn ará Australia fi 760 ṣe tiwọn, LACE, kò yàtọ̀. Nítorí náà ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀rẹ́ màmá dára, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún màmá náà dára.

Ó wá ku ibi tí ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́, n kò ní fi pamọ́. Níbí ní Amẹ́ríkà, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ní jẹjẹrẹ awọ inú ilé ọmọ kì í tètè rí iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré gbà bí aláwọ̀ funfun, wọ́n sì ń kú tó ìlọ́po méjì wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè di ru irú jẹjẹrẹ tó máa ń ṣe wọ́n. Bó bá jẹ́ lẹ́tà ọ̀rẹ́ màmá ni wọ́n kọ “ìlà inú” sí láìsí àlàyé, èmi náà á bá yín pariwo.

Bàbá_Ìbejì_Luton
Ọjọ́bọ̀, 7:12 àárọ̀

Dókítà, mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo gbà. Àbúrò, ẹ má kọ lẹ́tà yẹn mọ́.

Tájù_Bódìjà
Ọjọ́bọ̀, 9:30 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè òmùgọ̀ kan. Níwọ̀n ìgbà tí dókítà kì í fọwọ́ kan aláìsàn, ṣé kò lè jókòó sí Houston kó ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn?

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Houston
Ọjọ́bọ̀, 3:15 ọ̀sán

Kì í ṣe òmùgọ̀ rárá. Wọ́n ti ṣe é ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Jacques Marescaux jókòó sí New York, ó yọ àpò òróòro obìnrin kan tó wà ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní ZEUS ni wọ́n lò, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà nìkan. Ṣùgbọ́n dókítà mìíràn gbọ́dọ̀ dúró ti aláìsàn, kó máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo kí NEPA mú iná lọ…

Agbẹ̀bí_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

Tájù, ẹ kú àṣálẹ́. Níbí tí mo wà yìí, róbọ́ọ̀tì kọ́ ni ìṣòro wa.

Àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ oníhò kékeré wà ní àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa. Àmọ́ àwọn obìnrin tí mò ń rí kì í wá ní sẹ̀ntímítà mẹ́ta. Wọ́n á wá nígbà tí òórùn bá ti lé àwọn ọmọ kúrò ní yàrá, tí ìtọ̀ kò jáde mọ́, tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n débi pé wọn ò lè jókòó. Bó bá ti débẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti kọjá, ó di ìtọ́jú onítànṣán pẹ̀lú kẹ́mò. Èyí tí wọ́n ń là inú fún gan-an, àǹfààní ńlá ni, ó túmọ̀ sí pé wọ́n tètè rí i.

Nílé ìtọ́jú wa, ọtí kíkan (vinegar) ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. A ó fi òwú kan ọtí kíkan tí a ti pò mọ́ omi, a ó fi pa ẹnu ilé ọmọ, a ó dúró bí ìṣẹ́jú kan. Bí ibì kan bá funfun bí ìgbà tí omi ìrẹsì gbẹ mọ́ ara, àmì nìyẹn pé ara ibẹ̀ ti ń yí padà. Nígbà mìíràn a lè fi iná pa á lọ́jọ́ náà, obìnrin náà á sì gba ọjà kọjá lọ sílé. Ó jẹ́ ohun tó máa ń pẹ́ ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin nílé, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Àwọn ìyá kan lé wa jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n ní a fẹ́ pa ilé ọmọ àwọn ọmọ wọn. Mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà títí ohùn mi fi há.

Alájọ_Òṣogbo
Ọjọ́bọ̀, 10:02 alẹ́

Ẹ máà bínú pé mo já wọ̀ ọ́. Èmi ní fibroid, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà aládàáni kan ní òun á fi ihò kékeré ṣe é, pé ẹ̀rọ kan á rún un wẹ́wẹ́ nínú ikùn kí ó lè gba ihò jáde. Ṣé ó dáa?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà
Ẹtì, 6:58 àárọ̀

Àǹtí Alájọ, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé fibroid lásán ni? Ṣé inú àpò ọ̀rá ni wọ́n á ti rún un?

Ní ọdún 2014, FDA kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ń rún nǹkan yìí. Wọ́n ṣírò pé nínú bí 350 obìnrin tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fibroid fún, ọ̀kan lè ní jẹjẹrẹ ẹran ilé ọmọ tí kò sí ẹni tó mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá rún irú ìyẹn, ṣe ló dà bí ẹni fọ́n irúgbìn sínú ikùn. Dókítà obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Amy Reed, ló ṣẹlẹ̀ sí, òun àti ọkọ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ dókítà ló sì pariwo títí wọ́n fi gbọ́. Ó kú ní ọdún 2017. Ọ̀pọ̀ fibroid kò lẹ́wu o, ẹ má dẹ́rù ba ara yín. Ẹ ṣáà béèrè.

Bàbá_Ìbejì_Luton
Ẹtì, 8:20 àárọ̀

Lẹ́tà àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ ti ìyàwó mi ti wà lára fíríìjì láti oṣù kẹfà. Èmi ni mo fi mágínẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Mo ti pè wọ́n láàárọ̀ yìí, wọ́n fún wa ní Ọjọ́bọ̀.

Àbẹ̀ní_Woolwich
Ọjọ́ Ajé, 9:11 alẹ́

Mo padà lọ bá dókítà náà lónìí, mo sì mú ọ̀rọ̀ yín dání lórí ìwé. Ẹ̀yin ni ẹ fún mi lẹ́nu. Mo ní, “Ṣé torí LACC ni?” Ojú rẹ̀ là. Ó fà tíṣù gígùn yọ lára àga ìyẹ̀wò, ó yàwòrán sí i: ilé ọmọ bí póńpó, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ó fi bírò kùn ibi tí ti màmá wà. Ó ní òun fẹ́ yọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òkè ojú ara àti ẹran tó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́, àti àwọn kókó kéékèèké tó wà ní ìbàdí, kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Mo béèrè bóyá wọ́n lè yọ ilé ọmọ lásán láìfọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́, torí mo kà pé wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyẹn wà fún èyí tí kò ju sẹ̀ntímítà méjì lọ. Mo béèrè iye irú rẹ̀ tó ń ṣe lọ́dún, ó sọ ọ́ láìbínú.

Màmá dákẹ́ títí. Ìgbà tí a délé ni wọ́n wá jẹ́wọ́: lẹ́tà àyẹ̀wò mẹ́ta ló ti wá láàárín ọdún mélòó kan, inú Bíbélì ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Ojú ń tì wọ́n kí ẹnikẹ́ni wo abẹ́ wọn. Mo fẹ́ bínú, n kò rí i bí.

Mo bi wọ́n bóyá ìlà inú ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní, “Ẹni ọdún 58, ta ni mo fẹ́ ṣí ikùn hàn?”

Ìyá_Gbọ́lá
Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Bá mi dì mọ́ wọn.

Àbẹ̀ní_Woolwich
Àbámẹ́ta, 5:30 ìrọ̀lẹ́ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin)

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Wọ́n ti ṣe é. Ó gbà tó wákàtí mẹ́rin. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò rọrùn, n kò ní purọ́ fún yín: bí màmá bá fẹ́ wúkọ́, wọ́n á kọ́kọ́ di ìrọ̀rí mọ́ ikùn bí ẹni di ọmọ. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rìn dé ojú fèrèsé. Ọjọ́ karùn-ún ni a délé.

Ohun tí a kò retí ni àpò ìtọ̀. Iṣẹ́ yẹn máa ń kan àwọn iṣan tó ń darí àpò ìtọ̀, wọ́n ní kí rọ́bà náà wà lára wọn títí yóò fi padà bọ̀ sípò. Màmá ò gbà kí àlejò rí i. Wọ́n rán àpò áńkárà kékeré fún un láti ara ìró wọn, wọ́n sì fi okùn gbé e kọ́ èjìká. Ìyàwó pásítọ̀ ní báàgì náà rẹwà, ó béèrè ibi tí wọ́n ti rà á.

Èsì jáde lánàá. Etí gbogbo ibi tí wọ́n gé mọ́, kò sí nǹkan kan nínú àwọn kókó náà. Wọ́n ní kò nílò ìtọ́jú onítànṣán, pé kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin.

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ síbí fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n kí Nọ́ọ̀sì àti Dókítà, wọ́n sì ní kí n béèrè lọ́wọ́ bàbá Luton yẹn bóyá ìyàwó wọn lọ ní Ọjọ́bọ̀ náà.

Bàbá_Ìbejì_Luton
Àbámẹ́ta, 5:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ sọ fún màmá pé a lọ. Èmi ni mo wa ọkọ̀.